Ẹnu Ta Ni Àlejò Yóò Fi Sọ̀rọ̀?

Ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ n'Ìbàdàn, kò sì pẹ́ tí irú èèyàn kan fi di ọlọ́lá láàárín àwọn Hausa tó tẹ̀dó síbẹ̀. Máígídá ni wọ́n ń pè é. Oníṣòwò tó bá da màlúù wá láti Òkè Ọya, ilé máígídá ni yóò dé sí. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹ, ibẹ̀ ni yóò sùn, máígídá ni yóò sì bá a wá àyè tí màlúù yóò wà. Máígídá yìí ló mọ àwọn alápatà Ìbàdàn lójú, tó mọ̀ wọ́n lórúkọ. Ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ ẹni tó máa ń san àwìn àti ẹni tí kì í san. Òun ni yóò bá wọn dúnàá-dúrà, òun ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn, yóò sì gba tirẹ̀ lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Abner Cohen, onímọ̀ àṣà àti àwùjọ tó ṣe ìwádìí ní Sábó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣàlàyé ètò yìí fínnífínní nínú ìwé tó gbé jáde ní 1969. Jìbìtì kọ́ ni. Iṣẹ́ ni máígídá ń ṣe, iṣẹ́ tó ṣòro sì ni, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbà. Àmọ́ ètò náà jẹ́ ká rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò gbọ́ èdè ọjà tó wá ná: ẹlòmíràn ni yóò bá a ná an, ohun tí ẹni yẹn bá sì sọ pé wọ́n wí ni yóò gbà pé wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nídìí àríyànjiyàn tí kò tán nílẹ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, pé ṣé ó yẹ kí aṣíkiri kọ́ èdè tí àwọn tó pọ̀ jù ń sọ ní ìlú tó dé. Àwọn kan sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìmoore: a gbà ọ́ sílé, kọ́ èdè wa, kí a lè rí i pé o mọ oore. Létí àwọn mìíràn, èébú ni, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ kò já mọ́ nǹkan kan. Èmi ò gbà pé ìmoore tàbí èébú ló yẹ kó darí ọ̀rọ̀ náà. Mo gbà pé ó yẹ kí aṣíkiri kọ́ èdè ìlú tó ń gbé, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbi tí kò bá ti lè sọ tẹnu ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ ọ́: ọkọ, ọmọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́, tàbí ará ilé kan tó ti pẹ́ lóko òyìnbó. Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ló ń pinnu ohun tí wọn yóò gbọ́ nípa rẹ àti ohun tí ìwọ yóò gbọ́ padà. Bó bá sì jẹ́ pé nítorí òmìnira aṣíkiri fúnra rẹ̀ la ṣe ní kó kọ́ èdè, a jẹ́ pé ìjọba tó ń béèrè èdè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè olùkọ́ àti kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ibi tí wọ́n bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ìtàn Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ló fi èyí hàn jù lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ wọn ń gbòòrò, òṣìṣẹ́ ò sì tó. Wọ́n bá Ítálì ṣe àdéhùn ní 1955, Sípéènì àti Gíríìsì ní 1960, Tọ́kì ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1961, kó tó wá kan Mòrókò, Pọtogí, Tùnísíà àti Yugoslavia. Ọ́fíìsì tí wọ́n ṣí sí Istanbul ló ń ṣa àwọn tí yóò lọ. Dókítà á ní kí wọ́n bọ́ aṣọ, á yẹ̀ wọ́n wò láti eyín dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá yege á wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Munich. Gbogbo ara ni wọ́n yẹ̀ wò, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ṣe dandan pé kí ó gbọ́ èdè ibi tó ń lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n ka ọkùnrin náà sí: yóò ṣe ọdún kan tàbí méjì, yóò padà sílé, ẹlòmíràn yóò sì rọ́pò rẹ̀. Láàárín 1955 sí 1973, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 èèyàn ló wọ Jámánì lọ́nà yìí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 padà sílé. Àwọn tó kù jókòó.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ìjọba àti òṣìṣẹ́ jọ gba ohun kan náà gbọ́. Ìjọba ò kọ́ wọn ní èdè nítorí pé wọ́n máa padà sílé. Àwọn náà ò dààmú ara wọn lórí èdè nítorí pé wọ́n máa padà sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó bá ń ronú báyìí, owó tó fi ń kọ́lé sílé ló jọ ọ́ lójú, kì í ṣe kíláàsì alẹ́. Inú ilé àjùmọ̀gbé tó wà lẹ́bàá iléeṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú àwọn tó ti ìlú wọn wá. Ògbufọ̀ tí iléeṣẹ́ ń san owó oṣù fún ló ń sọ ohun tí ọ̀gá wí fún wọn, ẹnu rẹ̀ náà sì ni ọ̀gá ti ń gbọ́ tiwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, nígbà tí iléeṣẹ́ Ford ní Cologne lé àwọn ọmọ Tọ́kì bí 300 lẹ́nu iṣẹ́ torí pé wọ́n pẹ́ dé láti ìsinmi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará ìlú wọn da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò tì wọ́n lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò bá wọn lọ, ọ̀sẹ̀ kan péré sì ni ìyanṣẹ́lódì náà fi parí. Kì í ṣe àìgbédè nìkan ló fà á. Ojú àlejò tí wọ́n fi ń wò wọ́n wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, ẹ̀rù àtipàdánù iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iléeṣẹ́ tí wọ́n ti pọ̀ tó báyẹn, ṣàṣà ni ará ìlú wọn tó lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀, kó la ẹnu, kó sọ ohun tí ń dun ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó yẹ kó gbọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Jámánì dá gbígba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè dúró. Ìjọba rò pé àwọn tó wà nílẹ̀ yóò máa dín kù. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé bí àwọn bá jáde, àwọn ò ní lè wọlé mọ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ. Ní 1979, Heinz Kühn, ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba pé àwọn èèyàn yìí ti di ará ilé, pé ó yẹ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì náwó lé àwọn ọmọ wọn lórí. Wọn ò ṣe púpọ̀ nínú ohun tó wí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005 ni òfin tó dá ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ fún aṣíkiri jákèjádò orílẹ̀-èdè náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: 600 wákàtí èdè, àti ẹ̀kọ́ nípa òfin àti ìtàn ìlú lé e lórí. Láti 1955 sí 2005, àádọ́ta ọdún gbáko. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé ní ẹni ogún ọdún ti di ìyá àgbà nínú ilé kan náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń ka lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ fún un, tó ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, tó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà nípa ara ìyá rẹ̀, àwọn ohun tí kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2003, Glenn Flores àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn òbí tó ń sọ èdè Sípáníìṣì tí wọ́n gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ohùn ìpàdé dókítà àti òbí 13 sílẹ̀, wọ́n sì tú u palẹ̀ gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Àṣìṣe ìtumọ̀ 396 ni wọ́n rí, ìyẹn nǹkan bí 31 nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ìdá 63 nínú 100 àṣìṣe náà ló sì lè ṣe ìlera ọmọ léṣe. Wo irú ohun tí wọ́n rí: ògbufọ̀ fo ìbéèrè bóyá oògùn kan kì í bá ọmọ lára mu, òmíràn ò sọ iye oògùn tí ọmọ yóò lò àti iye ọjọ́ tí yóò fi lò ó, òmíràn ní kí ìyá fi ìpara pa gbogbo ara ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé ojú nìkan ni dókítà ní kó fi pa, òmíràn tilẹ̀ sọ fún ìyá pé kó má dáhùn ìbéèrè dókítà nípa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tó ń ṣàìsàn, ọmọ ọdún 11, wà lára àwọn tó ń ṣe ògbufọ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ohun tí ìwádìí yìí ń béèrè ni ògbufọ̀ tó kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe pé kí ìyá kọ́ èdè. Òótọ́ ni pé àṣìṣe àwọn ògbufọ̀ ilé ìwòsàn kò léwu tó ti àwọn tí wọ́n kàn fà wọlé, èmi náà sì gbà pé ilé ìwòsàn àti kóòtù gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ tó dáńtọ́, ì báà jẹ́ ọ̀la ni aláìsàn náà yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ṣùgbọ́n àṣìṣe 31 yìí, ìyá náà ò mọ̀ pé ọ̀kankan nínú wọn ṣẹlẹ̀. Kò ní ọ̀nà tó fi lè mọ̀. Èdè díẹ̀, àní èyí tó kún fún àṣìṣe, ì bá jẹ́ kó lè sọ pé: ẹ dúró ná, kí ni dókítà wí gan-an?

Ṣé ẹ̀kọ́ èdè fún àgbàlagbà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ wá láti ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ètò ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn tó ń fẹ́ wọlé sì pọ̀ ju àyè lọ, débi pé ṣe ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti mú ẹni tí yóò wọlé. Blake Heller àti Kirsten Slungaard Mumma fi àwọn tí kèké mú wé àwọn tí kò mú. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn láàárín wọn ju oríire lọ, ìdí nìyẹn tí èsì náà fi ṣeé gbára lé. Àwọn tó lọ sí kíláàsì ń rí nǹkan bí 2,400 dọ́là lé lórí owó tí wọ́n ń rí lọ́dún, ìyẹn ìdá 56 nínú 100; iye wọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ju ìlọ́po méjì lọ; owó orí tó tinú owó tuntun yìí wọlé fún ìjọba sì san owó kíláàsì náà padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ṣáájú wọn, ní 2004, Hoyt Bleakley àti Aimee Chin ti lo ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ aṣíkiri fi dé Amẹ́ríkà láti fi hàn pé gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé owó oṣù ga, pàápàá nítorí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n lè kàwé jìnnà. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ìtàn Massachusetts ni kèké yẹn. Àwọn òṣèlú máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé aṣíkiri ò fẹ́ kọ́ èdè. Níbi tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àyè ni kò tó.

Àwọn ará wa kan yóò sọ pé èdè kì í dáàbò bo àlejò, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Láti ìgbà amúnisìn ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbòho, Ṣakí àti Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Gánà. Wọ́n ná ọjà Kumasi, wọ́n ná ọjà Tamale, wọ́n gbọ́ Twi, wọ́n gbọ́ Hausa, àwọn tó wà lápá àríwá gbọ́ Dagbani. Àìmọye ọmọ wọn ló jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èdè tí wọ́n gbọ́ kò dá àṣẹ náà dúró, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń wàásù fún aṣíkiri pé kó kọ́ èdè rántí ọjọ́ yẹn. Èdè kì í ra ìfẹ́ onílé, kì í sì í rọ́pò ìwé àṣẹ. Ìjọba tó bá ń ṣèlérí pé ẹni tó bá ti gbọ́ èdè ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú onílé ń purọ́. Ṣùgbọ́n ká wo ohun tí èdè ti ṣe fún àwọn èèyàn wọ̀nyí kí ọjọ́ náà tó dé. Òun ni wọ́n fi kúrò lẹ́ni tó gbé igbá ọjà kiri, tí wọ́n fi di onísọ̀ọ̀bù, tí wọ́n fi ra ọjà lọ́wọ́ oníléeṣẹ́ láìsí alágbàtà láàárín. Bí òjò bá wó ilé, a kì í torí rẹ̀ sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé mọ́. Àwọn ará Èjìgbò tó kọjá lọ sí Abidjan mọ èyí dáadáa, débi pé títí di òní, ẹni tó bá dé Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ onílùú.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo "ẹ kọ́ èdè wa" ni ọ̀rọ̀ pàṣán. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, Gómìnà William Harding ti ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà kéde pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ ní ilé ẹ̀kọ́, ní ìta gbangba, nínú ọkọ̀ ojú irin, lórí tẹlifóònù, àní nínú ilé ìjọsìn. Wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn obìnrin kan tó bá ara wọn sọ èdè Jámánì lórí tẹlifóònù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ Nebraska ṣòfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi èdè òkèèrè kọ́ ọmọ kékeré. Wọ́n bu ìtanràn lé olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Robert Meyer, títí ọ̀rọ̀ náà fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tó fagi lé òfin náà ní 1923. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn òfin yìí tó kọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn náà ni ìbẹ̀rù.

Òde òní ní tirẹ̀, ó kàn fara pamọ́ díẹ̀ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, Bìrìtéènì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ tó ń bọ̀ wá bá ẹnì kejì rẹ̀. Lọ́dún yẹn, owó tí ìjọba ń ná lórí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún aṣíkiri ní England tó mílíọ̀nù 203 pọ́n-ùn. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 90. Ohun tí wọ́n ń béèrè ń ga sí i, ohun tí wọ́n ń fúnni ń kéré sí i. Ní Quebec, ní Kánádà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí aṣíkiri bá dé, Faransé ni iléeṣẹ́ ìjọba yóò máa fi kọ̀wé sí i, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìlera, ààbò àti àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó gba ojú ọ̀nà Roxham láti Amẹ́ríkà wọ Quebec láàárín 2017 sí 2023, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Quebec ń kọ́ni ní Faransé lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tó dára nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó di ìparí 2024, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti kíláàsì pa torí pé owó tán. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ka oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ síta? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ibi ìkẹ́rùsí, tó sì ń tọ́mọ lọ́sàn-án, ìgbà wo ni yóò kọ́ èdè bí kò bá sí kíláàsì tó bá àkókò rẹ̀ mu, tí kò sì sẹ́ni tó lè bá a di ọmọ mú? Ìdánwò láìsí olùkọ́, ẹnu ibodè ni, wọ́n kàn fún un ní orúkọ mìíràn.

Àwọn arúgbó ńkọ́? Níbí, ojú àánú ló yẹ, òfin sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láwọn ibì kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ti gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìgbélùú fún ogún ọdún, kò ní láti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kó tó di ọmọ onílẹ̀. Bákan náà ni ẹni ọdún 55 tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 15. Òfin tuntun tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kẹfà ọdún 2024 náà yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà àdéhùn wọ̀nyẹn kúrò nínú ìdánwò àkọsílẹ̀: bí wọ́n bá ti lè sọ èdè tó bí wọ́n ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, ó tó. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ti wà ní sàréè.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí ni pé bí wọ́n bá gba èdè àjèjì láyè, èdè tiwọn yóò kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, torí Alejandro Portes àti Rubén Rumbaut, tí wọ́n tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aṣíkiri ní Miami àti San Diego láti 1992, rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti yàn láti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n wo ibi tí àwọn méjèèjì ní wàhálà náà ti ń wá. Ọmọ tètè ń gbọ́ èdè tuntun, òbí ń rọ́ lẹ́yìn, ipò wá yí padà: ọmọ di olórí, òbí di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Ọmọ tí ń ṣe agbẹnusọ fún ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ rò pé èdè ìyá òun ni èdè àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ìyá tó lè dá olùkọ́ lóhùn fúnra rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, tó sì padà dé ilé tó ń fi Yorùbá bá ọmọ wí, ọmọ rẹ̀ yóò rí i pé agbára ìyá òun wà nínú èdè méjèèjì. Àwa Yorùbá tilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọ Òṣogùn kan lẹ́rú. Ní 1822, ọkọ̀ ogun òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e dé Freetown. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dójú àmì. Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní 1843 ni wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde, ó sì ṣe gudugudu méje yààyàà mẹ́fà lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Èdè tí wọ́n fi gbà á sí àjò náà ló di irinṣẹ́ tó fi sọ èdè ìyá rẹ̀ di èdè ìwé. Ohun tó ń pa èdè ìyá nílẹ̀ òkèèrè ni pé òbí dákẹ́ sísọ ọ́ fún ọmọ. Èdè tí òbí fúnra rẹ̀ kọ́ ní kíláàsì kò jẹ̀bi ìyẹn.

Ó ku àwáwí kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń jápa, òun ló sì kàn wá jù lásìkò yìí: Gẹ̀ẹ́sì ti tó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, Jámánì ní físà kan fún àwọn tó fẹ́ wá iṣẹ́, ẹni tó bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè gbà á láìgbọ́ Jámánì rárá. Iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Berlin ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ọ́fíìsì àjòjì yóò kọ sí ọ, Jámánì ni. Ìwé àdéhùn ilé, Jámánì ni. Olùtọ́jú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi, nọ́ọ̀sì tó gbé tẹlifóònù lóru, aládùúgbò tó ń bínú nítorí pàǹtírí, Jámánì ni gbogbo wọn ń sọ. Fóònù lè túmọ̀ lẹ́tà fúnni, kò lè bá ọ jiyàn pẹ̀lú onílé tó ń lé ọ jáde. Ẹni tó bá sì ro ọdún méjì mọ́ra, pé òun ò ní pẹ́ níbẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ Tọ́kì rò ní 1961 ló ń rò. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ dáadáa. Láti 2007 ni òfin Jámánì ti ń béèrè èdè díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọkọ tàbí aya rẹ̀, àmọ́ ó yọ aya àti ọkọ àwọn tó ní Blue Card, ìwé àṣẹ tí àwọn tó kàwé dáadáa ń gbà, kúrò nínú rẹ̀. Ojúrere ni wọ́n pe ìyẹn, ó sì dùn mọ́ àwọn èèyàn wa. Èmi ò rò pé ó ṣe wọ́n lóore. Ọkọ á máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, aya tó jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ báńkì n'Ìbàdàn á jókòó sílé, títí ọmọ wọn yóò fi tó ẹni tó lè bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Iléèwé Goethe-Institut wà l'Ékòó, wọ́n ń kọ́ni ní Jámánì níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ogún wákàtí kọ́ èdè lọ́sẹ̀, nǹkan bí oṣù méje ni 600 wákàtí tí Jámánì yà sọ́tọ̀ yóò gbà. Àwọn tó ń tọ́jú owó físà àti owó ọkọ̀ òfurufú fi ọ̀pọ̀ oṣù ju ìyẹn lọ dúró de ìwé. Kí tọkọtaya jọ lo àkókò ìdúró yẹn ní kíláàsì, kí wọ́n sì forúkọ aya sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ọkọ.